Ìkòkò Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀ kòrókòró, bí mo bá ń sọ ọ́ fún àlejò báyìí, òkè àjà ló máa ń wò, bí ẹni pé irọ́ ni mo ń so kọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Àwọn Mùsùlùmí inú ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan, àwọn èèyàn tí ọtí ò kan ètè wọn rí, ni wọ́n bá mi pọn omi, wọ́n bá mi ru yìnyín, kí ọtí tí mo ń sè lè tètè tutù, wọ́n sì ṣàdúrà lé e lórí. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n dúpẹ́.

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ wa ní Marina, àwa bíi mélòó kan máa ń jẹun ọ̀sán pọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa ń yin bíà inú ìgò kan bí ẹni ń yin ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí n kì í lè dákẹ́ bí wọ́n bá ń yin ohun tí kò ti ilé wa wá, mo ní ohun tí wọ́n ń mu yẹn, omi tó kàn gbọ́ ìròyìn ọkà lásán ni. Mo ní bí wọ́n bá tọ́ ọtí ọkà bàbà tí ìyá ìyá mi máa ń sè wò, wọ́n á ju ìgò nù. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ ọ́n sè? Mo ní kí ló dé tí n ò ní mọ̀ ọ́n sè. Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọjú, wọ́n á ní, "Ọlọ́tí wa, ìgbà wo?" Títí kan ọ̀gá wa, tí kì í bá èèyàn ṣeré.

Ibi tí wàhálà wà ni ilé tí mò ń gbé. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni èmi àti ìyàwó mi háyà lókè, nínú ilé ẹbí àtijọ́ kan tó ní àgbàlá láàárín àti kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá. Ìsàlẹ̀ ilé kan náà, ní iwájú, ni ìyàwó mi háyà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta aṣọ ọmọdé. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé ẹni tó ní irú ìyẹn, kó máa fi orí balẹ̀ fún Ọlọ́run rẹ̀ láràárọ̀. Alhaja ló ni àṣẹ ilé náà, àgbà obìnrin tí kì í pariwo. Nígbà tí a fẹ́ kó wọlé, kò béèrè onídùúró, kò béèrè ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ.

"Ẹ̀yin ará òkè, mo mọ̀ yín, ẹ fẹ́ràn nǹkan olómi. Ẹ máa mu tiyín níta, ẹ nu ẹnu, ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọtí bá wọ ilé yìí, ọjọ́ náà lẹ̀yin náà á jáde. Ṣọ́ọ̀bù á sì tẹ̀ lé yín."

A ní, "Ó dáa, mà." A sì ti fi ọ̀wọ̀ pa òfin náà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnu mi tó ṣe mí báyìí.

Mo kọ́kọ́ sè é ní kékeré, nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa, mo sọ fún ara mi pé tí kò bá pọ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo rẹ ọkà bàbà títí tó fi hu, mo sá a lórí pẹ́tẹ́ẹ̀sì, mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ omi gbígbóná, mo sẹ́ ẹ, mo sì gbé omi ẹ̀ kaná. Mo já ewúro sí i kó lè korò díẹ̀. Gbogbo èyí lọ geerege. Mo wá bò ó, mo gbé e sẹ́nu àtẹ̀gùn kó máa tutù fúnra ẹ̀, nítorí bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ohun tí mo gbàgbé ni pé orí òkè ni ìyá ìyá mi ń gbé, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń bá èèyàn mú nǹkan tutù láìbẹ̀ ẹ́. Èkó ò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó bá gbóná ní Ìsàlẹ̀ Gángan, á lọ́wọ́ọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, gbogbo kòkòrò tí ojú ò rí á sì ti wọ inú ẹ̀ lọ ṣe ìpàdé. Kí n tó jí, ó ti kan. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé.

Alhaja béèrè nísàlẹ̀ pé, "Kí ló ń rùn báyìí?"

Mo ní, "Ògì wa ló bàjẹ́, mà."

"Ògì?"

Ìyàwó mi dà á sí gọ́tà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, baálé mi, ẹ lọ ra bíà mẹ́ta, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kúrò, ẹ gbé e fún wọn." Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ọgbọ́n ò wọ́n wọn.

Ṣùgbọ́n ìwé ti kó sí mi lórí. Mo kà á lórí fóònù mi pé àárín ìgbà tó bá kúrò lórí iná àti ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ewu ọtí wà. Kí ó yára kọjá ibẹ̀ ni, bí ẹni ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó kọ ọ́ ní páìpù kan tí wọ́n ká bí ejò tó ń sùn, wọ́n á tì í bọ inú ìkòkò, omi tútù á máa gba inú ẹ̀ kọjá. Èmi ò ní ejò. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní, kó gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ọmọrí ẹ̀ sínú ọpọ́n omi tútù, kó máa pààrọ̀ omi, kó fi yìnyín sí i. Ìyẹn ò le. Ohun tó kù ni ìkòkò ńlá, nítorí mo ní láti sè é kó tó gbogbo ọ́fíìsì mu, kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀.

Ìkòkò ńlá wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kó wọlé, wọ́n da ojú ẹ̀ délẹ̀, ọpọ́n irin ńlá kan sì wà lórí ẹ̀. N kò rí i rí kí wọ́n lò ó, nítorí ibi iṣẹ́ ni mo máa ń wà lọ́sàn-án. Lójú èmi, ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò lò, ìkòkò tó ń wá iṣẹ́ ni.

Ní Àlàmísì kan, Alhaja lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Mo fa ìkòkò jáde, mo fọ̀ ọ́, mo dá iná igi sí kọ̀rọ̀ àgbàlá.

Ìyàwó mi yọrí láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. "Ìkòkò yẹn, ṣé ẹ tọrọ ẹ̀?"

"Alhaja ò sí nílé. Ọwọ́ ta ni kí n ti tọrọ ẹ̀?"

"Áà. Ó dáa." Ó padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àga síbi tí á ti rí mi dáadáa.

Mo sè é, ó jinná, ó ń ta sánsán bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kẹ́ẹ̀gì tí mo fẹ́ rọ ọ́ sí ti wà nílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti po yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò mọ́ omi ṣúgà díẹ̀ sí ìdí ẹ̀, ó ti ń rú wúyẹ́wúyẹ́, ó ń dúró de oúnjẹ ẹ̀. Èmi náà dé ìkòkò pa, mo gbé e sínú ọpọ́n, mo pọn omi kànga yí i ká. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi ọpọ́n ti gbóná, ìkòkò ò sì tíì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bá òun sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo ń gbọ́n omi gbígbóná dànù, tí òógùn bò mí, ni obìnrin tó ń ta píọ̀ wọ́tà dídì lẹ́nu géètì wọlé wá wo ohun tó ń ta sánsán.

Ó dúró. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Bàbá Ìjẹ̀ṣà! Ìkòkò sàráà ló délẹ̀ yìí? Ẹ ò sì wí fún wa?"

Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gòkè, pé ìkòkò náà ní iṣẹ́ kan ṣoṣo láyé. Bí ó bá ti jáde sí àgbàlá, sàráà ni. Kì í jáde fún àsè, kì í jáde fún ìyàwó. Ẹni tó bá rí i tó jókòó lójú ọjọ́ kì í béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Abọ́ ló máa ń lọ gbé.

"Kí lẹ ń ṣe é fún? Ṣé kò sí nǹkan o?"

Ìyàwó mi, láti orí àga ẹ̀, tí àánú ò sí lójú ẹ̀ rárá, ní, "Ọkàn wọn ló ní kí wọ́n ṣe é."

"Ọlọ́hun á gbà á! Lọ́jọ́ Àlàmísì tó dáa báyìí! Kí ló ṣẹ́ kù?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ọtí ni mo fi ìkòkò sàráà sè? Mo rí ẹrù wa lójú mi níta, mo rí aṣọ ọmọdé nínú àpò gaàrí. Mo ní, "Mo kàn fẹ́ kó tètè tutù ni." Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, èyí nìkan ni kò ní àbùlà.

"Kó tutù? Ìyẹn náà ni wàhálà?" Ó yíjú sẹ́nu géètì, ó kígbe pé, "Ẹ gbé kúlà mi wá o! Bàbá Ìjẹ̀ṣà ń ṣe sàráà!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, bí ẹ bá fẹ́ kí ohun gbígbóná tutù kíákíá, ẹ má wulẹ̀ ra páìpù. Ẹ sọ fún àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Gángan pé làádà wà ńbẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹnìkan ń gbọ́n omi gbígbóná jáde, ẹnìkan ń fa omi kànga, wọ́n sì ti to píọ̀ wọ́tà tó dì gbagidi yí ìdí ìkòkò ká bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Èmi ni mo sá lọ bu iyọ̀ dà sórí yìnyín, mo ti kà á pé ó máa ń mú kí òtútù ẹ̀ le sí i. Àwọn méjì di etí ìkòkò mú, wọ́n ń mì ín, wọ́n ń mì ín, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ wákà sí i.

"Ká ṣí i, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i!" ni ọ̀kan wí.

"Ẹ má ṣí i!" mo pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i!" Kí ohun tó bà á jẹ́ níjọ́sí má bàa tún bọ́ sínú ẹ̀ ni.

Olómi tútù mi orí. "Ẹ ò rí i? Kò fẹ́ kéèyàn rí iṣẹ́ rere òun. Bó ṣe yẹ ká máa ṣe sàráà nìyẹn, ní bòńkẹ́lẹ́."

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń wúkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí omi pá lórí.

Ó tutù. Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, mo gbé ọwọ́ lé ara ìkòkò, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ewu tí mo wà. Ohun tí òyìnbó ń fi ejò ṣe, ọwọ́ àti ẹ̀sìn ti ṣe é. Mo kàn ń wá irọ́ tí màá fi gbé e gòkè ni. Mo ti ní, "Ó ti tó o, ó kù kí ó sinmi díẹ̀," nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu géètì, tí Alhaja sì sọ̀ kalẹ̀, ṣáájú ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sọ fún mi.

Ó wo ìkòkò.

"Ta ló gbé ìkòkò ìyá mi jáde?"

"Bàbá Ìjẹ̀ṣà ló ń ṣe sàráà, Alhaja!"

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. "Ẹ̀yin?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ọlọ́run kan náà la jọ ń bẹ̀, mà."

"Hẹ̀n. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Omi ọkà bàbà ni, mà." Òótọ́ ni. Títí dìgbà tí yíìsì bá kàn án, omi ọkà bàbà náà ni.

"Ẹ bu ún wá."

Ó ní bísímílà, ó tọ́ ọ wò. Mo ń wo ọ̀fun ẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Ó tún mu. "Ó dùn. Ewúro wà nínú ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nítorí ara líle."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n fa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́wọ́ wá, bàbá arúgbó tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà ẹ̀. Bàbá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè ìkòkò ọtí mi, ó ṣàdúrà. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ohun tí mo bá dáwọ́ lé, á dé ibi tí mo fẹ́ kó dé. Mo ń wo kẹ́ẹ̀gì mi lórí àtẹ̀gùn níbi tí omi ọkà náà ò ti ní lè dé mọ́, mo sì ṣe "Àmín" ju gbogbo wọn lọ.

Wọ́n mu ún. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi bù ún. Àwọn ilé kejì wá, àwọn ará ọ̀nà Ìgá Ìdúngànran tó ń kọjá lọ gbọ́, wọ́n yà. "Ẹ tún bù sí i fún mi, Bàbá Ìjẹ̀ṣà, ó ń wọ inú egungun." Mo bù sí i. Ìpín gbogbo ọ́fíìsì mi ń lọ sọ́fun àwọn aládùúgbò lójú mi, ife kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdúrà.

Nígbà tó kù díẹ̀, Alhaja ní, "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ẹ̀. Ká rọ díẹ̀ pamọ́, kó lè mu ún lọ́la tó bá ti kírun Jímọ̀ dé." Ó wò yíká. "Kẹ́ẹ̀gì yìí ńkọ́?"

Mo sáré bọ́ síwájú ẹ̀. "Mà, ìyẹn ní nǹkan nínú."

"Kí ni?"

"Omi ṣúgà díẹ̀ ni, mà."

"Ṣúgà ò ba nǹkan jẹ́." Ó rọ ọ́ kún, ó fi ọ̀rá wé ẹnu ẹ̀, ó lọ́ ọmọrí lé e títí ọwọ́ ẹ̀ fi pọ́n.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dé e pinpin."

"Kí eèrà lè kó sí i?" Ó gbé e wọ yàrá ẹ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó bọ́ gèlè, ó ká a, ó ní, "Ṣé kí n ti máa di ẹrù ni, àbí kí n dúró de ariwo?" Ó dojú kọ ògiri, ó sùn. Èmi ò lè sùn. Gbogbo àdúrà ni mo gbà kí yíìsì náà kú, èmi tí mo ti pò ó tìfẹ́tìfẹ́.

Kò kú. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán, mo wà lórí àtẹ̀gùn tí mò ń fetí sílẹ̀, ni nǹkan dún "gbòlà!" nínú yàrá Alhaja. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀, jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń rí.

"Bàbá Ìjẹ̀ṣà. Ẹ wá."

Mo wọlé. Ọmọrí kẹ́ẹ̀gì ti lọ bá ògiri. Kẹ́ẹ̀gì wú bí ikùn aboyún, ó ń rú, ìfófòó funfun ń ṣàn láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bọ̀ lọ́dọ̀ mi bí ajá tó mọ olówó ẹ̀. Alhaja jókòó sórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kó má bàa kàn án. Mo dọ̀bálẹ̀ síbi tó gbẹ.

"Ẹ dìde. Ìyàwó yín ti jí?"

"Ó ti jí, mà."

"Ẹ sọ fún un kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́." Ó na ìka sí kẹ́ẹ̀gì. "Ohun tó bá ń hó tí kò sí iná lábẹ́ ẹ̀, mo mọ orúkọ tó ń jẹ́. Mi ò ní pe orúkọ náà nínú ilé mi. Ohun tí mo mu lánàá, omi ọkà bàbà ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣàdúrà sí náà nìyẹn, àdúrà ẹ̀ ò sì ní ṣòfò. Àbí ẹ fẹ́ kó ṣòfò?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà ò fẹ́ ẹ. Nítorí náà, sàráà lẹ bẹ̀rẹ̀, sàráà lẹ ó máa ṣe lọ. Ní Àlàmísì Àlàmísì. Ìkòkò wà, kànga wà. Èmi fúnra mi á jókòó tì yín láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń dá iná títí ife ìkẹyìn á fi gbẹ. Ẹ̀kán ẹ̀ ò gbọdọ̀ sun mọ́jú nínú ilé yìí mọ́. Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣé, mà."

"Ẹ ru ìyẹn jáde. Gọ́tà lẹ máa dà á sí. Kẹ́ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ fọ ìkòkò ìyá mi, kẹ́ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì."

Mo ru kẹ́ẹ̀gì kọjá lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ti ń gbé aṣọ ọmọdé kọ́. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wò mí, ó ní, "Àdúrà bàbá ti gbà." Mo dà á nù. Ní tòótọ́, mo gbóòórùn ẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó sì jọ ti ìyá ìyá mi gan-an, ṣùgbọ́n èyí náà ẹ ò ní gbà á gbọ́.

Mo wà lórí ìkòkò níbi kànga, tí mò ń fi eérú àti yanrìn ha á, aṣọ ọ́fíìsì mi ń dúró dè mí lókè, nígbà tí olómi tútù gba géètì wọlé pẹ̀lú kúlà ẹ̀ lórí.

"Ẹ kú ojúmọ́ o, Bàbá Sàráà! Alhaja ti wí fún mi. Ti Àlàmísì tó ń bọ̀ ńkọ́, ṣé kí n ti máa fi yìnyín pamọ́ dè yín?"

Mo gbé ojú sókè. Alhaja dúró lójú fèrèsé, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Mo ní, "Ẹ bá mi fi í pamọ́."